Ta Ni Yóò San Ìtanràn Ọmọ Tí Kò Wá?

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ ọmọ wa ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ọ̀sẹ,

Ìgbà tí a ń fọ́ kòkó tún ti súnmọ́, ẹ̀yin tí ẹ sì ń pe orúkọ ọmọ láàárọ̀ ní Ìpele, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní, ẹ mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e: a ó pe orúkọ, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Ọmọ náà ti bá bàbá rẹ̀ lọ sí ahéré, tàbí ó ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gáréèjì. Nítorí náà ni àwọn kan nínú yín ṣe ń bi wá léèrè pé, èéṣe tí Ìjọ kò fi lọ́wọ́ sí i kí a mú irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù, kí ó sì san ìtanràn?

A kò lè wí pé kò sí òfin. Ó wà. Láti ọdún 2004 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí gbogbo òbí rí i pé ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì parí ọdún mẹ́ta ìṣáájú ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó bá kọ̀, ìbáwí ni ní ìgbà kìn-ín-ní. Ní ìgbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn èyí, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Adájọ́ sì lè pa méjèèjì pọ̀ fún un. Àwọn ará wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú mọ irú rẹ̀: láti August 2024, bí ọmọ bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìgba àyè, a lè bu £80 lé òbí rẹ̀, tí yóò di £160 bí kò bá tètè san án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka òfin wa dé òpin kí a tó gbé e lọ bá aládùúgbò. Òfin 2004 kan náà wí pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹni tí ó bá sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ lè san tó ₦10,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ìlọ́po méjì ti òbí! A mọ ibì kan, tí a kò ní dárúkọ, tí a ti lé ọmọbìnrin kan padà sílé nítorí owó tí a dá fún àga. Nígbà tí a ṣí rẹ́jísítà wò, àmì pé kò wá ni a fi síwájú orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin tí ó fi jókòó ti ìyá rẹ̀. Ǹjẹ́ ìyá yìí ni a ó fà lọ sí kóòtù?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá Imade College nígbà kan rí, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ di ìlànà ẹgbẹ́ Action Group. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, a kò fi kóòtù dẹ́rù ba òbí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a mú kúrò. Àwọn ọmọ tí kò tó 460,000 ní 1954 sì ju 800,000 lọ ní ọdún kan náà.

Ẹ ṣí ìwé Nehemáyà, orí karùn-ún. Ẹkún òbí ni ó kún inú rẹ̀. Owó orí ọba wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ìyàn mú, wọ́n fi oko dógò, nígbẹ̀yìn wọ́n fi ọmọ wọn dógò. Kò sí ìdí tí a ó fi túmọ̀ èyí fún Yorùbá. Ìwọ̀fà ni, àwọn baba wa tí ó sì fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà kò kórìíra ọmọ wọn. Kí ni Nehemáyà ṣe? Kò bu ìtanràn lé òbí kankan. Àwọn ọlọ́lá àti àwọn ìjòyè ni ó bá wí, ó ní kí wọn dá oko àti ọgbà padà. Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni pé kò yọ ara rẹ̀ kúrò: ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn arákùnrin òun wà lára àwọn tí ó yá wọn ní owó àti ọkà.

Ta ni ó ni oko kòkó tí ọmọ ẹlòmíràn ń lọ fọ́? Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà ní gáréèjì ń kiri fún? Púpọ̀ nínú wọn kò sí lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ilé àwa tí a mọ̀wé, tí a ń jókòó ní àga iwájú, ni wọ́n wà. Òfin sì mú ẹni tí ó gba ọmọ tọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti mú ẹni tí ó bí i. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ àwa tí ń kọ̀wé yìí ní ọdún tí ó kọjá. Ó ń pọn omi láàárọ̀, ó ń dé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí a ti pe orúkọ tán. Ní ọjọ́ ọjà kì í lọ rárá. A kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, títí olùkọ́ rẹ̀ fi bá wa sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú lẹ́yìn ìsìn.

Òbí aláìbìkítà wà, a kò sẹ́. Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mu ẹmu, a kò ní dúró láàárín òun àti adájọ́. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sùn, kí òun àti àgbà ìjọ kan kọ́kọ́ lọ sí ilé náà, kí wọn béèrè ohun tí ó dá ọmọ dúró. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tàbí ìwé ni, kí ìjọ yọ ọ́ nínú owó ìkórè ọdún yìí. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní ọmọ ẹlòmíràn nílé kọ orúkọ ọmọ náà àti kíláàsì rẹ̀, kí ó fi í fún àlùfáà kí Ádíféǹtì tó wọlé. Orúkọ ti ilé wa ni a ó kọ́kọ́ kọ.