Ta Ni Yóò Bo Kòtò Náà?

Bí obìnrin kan bá gbá iwájú ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì gbá ìdọ̀tí náà sí ojúde aládùúgbò rẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ṣe ìmọ́tótó? Ilé tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àdúgbò kò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọjà Kantamanto ní ìlú Accra, ní Gánà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó aṣọ àlòkù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn, irú èyí tí àwa ń pè ní òkìríkà. Oníṣòwò a ra odindi ìdì láìtú u wò. Bí aṣọ inú rẹ̀ bá ti ya, òun ni ó jẹ gbèsè. Èyí tí kò tà di ohun ààtàn. Òjò a gbá a sínú gọ́tà, a sì gbé e dé inú òkun. Ní etíkun, àwọn aṣọ náà lọ́ mọ́ra bí okùn, wọ́n sì ń há sínú àwọ̀n apẹja. Òwú a máa jẹrà, ṣùgbọ́n polyester, tí a fi epo rọ̀bì ṣe, kì í tètè jẹrà.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kí a má ṣe yára dá oníṣòwò lẹ́bi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń jẹun ní ọjà náà, àwọn télọ̀ ibẹ̀ sì ń tún ọ̀pọ̀ aṣọ rán kí ó má baà ṣòfò. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ pàdánù ohun ìní wọn.

Nínú Eksodu 21:33, 34, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó ni yóò san owó màlúù tí ó bá kó sínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti pa á. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aṣọ yanturu tí kì í pẹ́ gbó ti gbẹ́ kòtò. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin mú kí àwọn tí ń ta aṣọ máa san owó sí kíkó aṣọ àlòkù jọ. Ó yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé aṣọ náà dé Accra.

Ṣùgbọ́n àwa náà ńkọ́? Aṣọ ẹbí mélòó ni ó wà nínú àpótí wa tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Bí a bá sì fẹ́ fi aṣọ tọrẹ, ṣé èyí tí àwa fúnra wa lè wọ̀ ni, tàbí èyí tí a kàn fẹ́ kí ó kúrò nílé wa?

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Nígbà tí a bá ti fi nǹkan tọrẹ, ṣé ẹrù rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn wa?