Ta Ni Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ń Fi Ṣe Ẹlẹ́yà?

Àwọn àgbà a máa sọ pé àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ṣi ìwà hù láàárín àwùjọ, ẹ̀rín ni àwùjọ fi ń dá a lóhùn. Ǹjẹ́ ó tọ́ láti fi àṣìṣe ọmọnìkejì ṣe ẹ̀rín? Bí ó bá tọ́, ta ni ó yẹ kí ẹ̀rín náà bá? Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1920 tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí.

Ayé ti yí padà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918. Ní 1920, àtúnṣe òfin Amẹ́ríkà kọ̀ kí a máa tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin fi ìbò dù ú. Ọdún náà ni òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń pè ní flapper gé irun wọn kúrú, wọ́n gé yẹ̀rì wọn sókè, wọ́n sì ń mu sìgá ní gbangba. Àwọn olówó tuntun pẹ̀lú ń bẹ̀rù ìtìjú: fọ́ọ̀kì wo ni a fi ń jẹ ẹja? Ní 1922, Emily Post tẹ ìwé Etiquette jáde láti kọ́ wọn.

Ní ọdún 1922 kan náà ni Donald Ogden Stewart kọ Perfect Behavior, tí Ralph Barton sì ya àwòrán sí i. Ìwé náà ṣe bí ẹni ń kọ́ni ní ìlànà ìfẹ́sọ́nà, ìgbéyàwó àti ìrìn àjò. Kódà, ó kọ́ àwọn tí ń lé àwọn olọ́tí kiri ní ìwà pẹ̀lẹ́! Kì í ṣe aláìmọ̀kan ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà bí kò ṣe ẹni tí ó sọ ìlànà kékeré di òfin ńlá.

H. M. Bateman ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1922, ó ya àwòrán ọmọ-ogun kan tí ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n tò sí, sínú ìwé ìròyìn The Tatler. Ìbọn náà kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde bí ẹni pé ìlú ti fọ́. Àṣìṣe náà kéré. Ìbínú tí ó tẹ̀ lé e ni ó kọjá ààlà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀ náà wà.

Ẹnì kan lè jiyàn pé ìlànà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, nítorí ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ìkíni àti ìkóra-ẹni-níjàánu nídìí oúnjẹ ń fi ọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn hàn. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Aṣọ ìwà ni ìlànà jẹ́, kì í ṣe ìwà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ṣi fọ́ọ̀kì mú kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó dójú ti àlejò nítorí fọ́ọ̀kì ni ó hùwà àìdáa.

Ẹ̀rín pàápàá ní ewu tirẹ̀. John Held Kékeré, tí ó ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé Tales of the Jazz Age tí F. Scott Fitzgerald kọ ní 1922, fi àwọn ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ yẹ̀yẹ́ náà di dígí tí wọ́n fi ń múra. Ẹ̀fẹ̀ tí ó fẹ́ báni wí tún di olùkọ́ni. Bákan náà, bí irun gígé nìkan bá tó láti sọ ọmọbìnrin di òmùgọ̀ nínú àwòrán, ẹ̀rín ti ṣìnà nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń ṣe àtúpalẹ̀ ẹ̀fẹ̀ má kàn béèrè bóyá ó pa òun lẹ́rìn-ín. Kí ó wo ẹni tí pàṣán rẹ̀ bà: ṣé aláìmọ̀kan tí ó kọsẹ̀ ni, tàbí agbéraga tí ó ń dúró de ìgbà tí ẹlòmíràn yóò kọsẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ̀rín náà tọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìkínní, ìkà ni, bí ọwọ́ ayàwòrán ti wù kí ó dára tó.