Ta Là Ń Tún Eré Àtijọ́ Ṣe Fún?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kì í sábà bi ara wa, torí iṣẹ́ kì í jẹ́ ká jókòó rò ó. Bí èèyàn bá tún ohun àtijọ́ ṣe títí tó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, ṣé ohun àtijọ́ yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀, àbí nǹkan tuntun ló ti jókòó sí àyè rẹ̀, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé eré ìbọn kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún síwájú mi, kí ẹ ní kí n mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kò sí ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn tí ìbéèrè yìí ò ní yọjú.

Doom ni géèmù tí mo ní lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ id Software, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1993. Ẹni tó ń ta á ń fi ojú ọmọ ogun kan wo ayé: ìbọn ń bẹ níwájú rẹ̀, ó ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, àwọn àǹjọ̀nnú ń bọ̀. DOS ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé ojúlówó fáìlì rẹ̀ sórí Windows òde òní, kò ní ṣí rárá. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà yín ò lágbára tó o. Ó lágbára ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Ilé tí géèmù náà ń gbé ni wọ́n ti wó.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan máa ń kọ́ ilé àtijọ́ náà padà sínú ilé tuntun: ètò tó ń jẹ́ DOSBox á ṣe bíi kọ̀ǹpútà ayé ọjọ́un, pẹ̀lú DOS rẹ̀ àti káàdì ohùn rẹ̀, géèmù á sì rò pé 1993 la ṣì wà. Àwọn kan sì máa ń tún géèmù fúnra rẹ̀ kọ kí ó lè gbé nínú ilé tuntun. Èyí ṣeé ṣe torí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, John Carmack, ẹni tó kọ ọ̀pọ̀ nínú ètò tó ń gbé Doom rìn, tú source code rẹ̀ síta. Ní 1999 wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹnikẹ́ni lè yí i padà kó sì pín in, bó bá ti ń jẹ́ kí àwọn tó pín in fún rí ohun tó yí. Láti ìgbà náà ni Doom ti di oríṣiríṣi. Chocolate Doom wà, GZDoom wà, PrBoom+ wà, àwọn mìíràn sì wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Ìgbà 35 ni Doom máa ń ronú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìrònú kọ̀ọ̀kan ló ti ń gbé ẹsẹ̀ àǹjọ̀nnú, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń mọ ibi tí ọta bà. Àwòrán tó ń yà kì í sì kọjá iye yẹn. Mónítọ̀ tòní ń yí àwòrán padà ní ìgbà 60, tàbí 144, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó ti mọ́ èyí lára á ní Doom ń já, kò lọ geere. Bí ẹ bá wá ní kí ìrònú rẹ̀ náà sáré dé 144, àwọn àǹjọ̀nnú á máa sáré ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ó ti kú kí ẹ tó yíjú. Òwe Amúkùn-ún ló bá a mu: wọ́n ní ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Ohun tí àwọn ọlọgbọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìrònú sílẹ̀ ní 35, wọ́n wá ń ya àwòrán sí àárín ìrònú kan àti èkejì. Bí àǹjọ̀nnú bá wà níbí nísinsìnyí, tí yóò sì wà lọ́hùn-ún ní ìṣísẹ̀ tó kàn, wọ́n á yà á sí agbedeméjì. Ojú á rí ìrìn geere. Ṣùgbọ́n àwòrán agbedeméjì yẹn kò ṣẹlẹ̀ nínú géèmù rí. Géèmù fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé àǹjọ̀nnú kankan dé ibẹ̀. Ṣé irọ́ ni, àbí kì í ṣe irọ́? Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́, torí pé kò sí ọta kan tó yà kúrò lọ́nà rẹ̀ nítorí àwòrán náà. Ẹni tó máa kú á kú, ẹni tó máa yè á yè. Ohun tó yí padà kò ju ohun tí ojú rí lọ.

Ẹnìkan lè wá sọ pé òun ò fẹ́ àtúnṣe kankan, bó ṣe wà gan-an lòun fẹ́ ẹ. Ó dáa. Àwòrán Doom fẹ̀ ní àmì 320, ó ga ní 200. Ẹ gbé e sórí mónítọ̀ òde òní ní 320 sí 200 gẹ́lẹ́, kí ẹ má fi kún un, kí ẹ má yọ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á rí pọ́tọ́, bíi pé wọ́n tẹ orí wọn wọlẹ̀. Ìdí ni pé mónítọ̀ ìgbà náà máa ń na àwòrán yẹn sókè kó lè kún ojú rẹ̀, bíi ìgbà tí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 240. Àwọn tó ya àwòrán náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yà á fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá rọ̀ mọ́ nọ́ńbà ti ba ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún jẹ́. Kí Doom tó lè rí bó ṣe rí, a ní láti yí i padà.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin inú rẹ̀, tí Bobby Prince kọ, kì í dún bákan náà ní ilé méjì: bí káàdì ohùn onílé bá ti rí ni orin rẹ̀ máa rí. Lórí káàdì olówó pọ́ọ́kú, ó máa ń dún bí agogo ọmọdé. Lórí ẹ̀rọ olówó gọbọi, ó dún bí ẹgbẹ́ olórin. Ìyára náà ńkọ́? 35 yẹn, òkè téńté ni. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lágbára kì í rí tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì kan láti dín àwòrán kù títí tó fi máa kéré láàárín ojú mónítọ̀, kí géèmù lè sáré díẹ̀. Tiẹ̀ náà, Doom ni. Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ dá Doom padà sí bó ṣe wà, ẹ bi í pé: ní ilé ta? Ṣé ilé olówó ni, àbí ilé ẹni tó ń fojú há?

Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ṣé ohun gbogbo ti wá dọ́gba nìyẹn, tí kálukú lè ṣe bó ṣe wù ú? Rárá o. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn àléébù inú rẹ̀.

Nínú Doom II, àǹjọ̀nnú kan wà tó máa ń jí òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde. Bó bá jẹ́ òkú tí ilẹ̀kùn tàbí àjà ti tẹ̀ fọ́ ló jí, onítọ̀hún á dìde bí iwin tó ń gba inú ògiri kọjá. Kò sí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe inú kóòdù ni. Àǹjọ̀nnú mìíràn wà tó máa ń pọ orí aláfò tó ń jóná, ṣùgbọ́n bí irú orí bẹ́ẹ̀ bá ti ju 20 lọ nínú máàpù, kò ní lè pọ òmíràn mọ́. Atúnṣe tuntun á wo méjèèjì, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe jàre." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 1994 ni àwọn èèyàn ti ń ya máàpù tiwọn fún Doom, àwọn kan nínú wọn sì ti fi iwin yẹn tàbí iye yẹn kọ́ ilé. Tí ẹ bá yọ àṣìṣe náà, ilé wọn á wó. Àṣìṣe tí èèyàn ti fi ṣe ìpìlẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é nìkan mọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni fáìlì tí wọ́n ń pè ní demo. Bí ẹnìkan bá ta Doom, ó lè ní kí géèmù gba eré náà sílẹ̀. Kì í ṣe fídíò ni géèmù ń gbà sílẹ̀ o. Bọ́tìnnì tí ọwọ́ onítọ̀hún tẹ̀ nínú ìrònú kọ̀ọ̀kan ló ń kọ. Bí a bá fẹ́ wò ó, géèmù á tún eré náà ta láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì wọ̀nyẹn. Èyí ṣeé ṣe torí pé ohun tó dà bí oríire nínú Doom kì í ṣe oríire: tábìlì nọ́ńbà 256 ló ń kà lẹ́sẹẹsẹ. Ohun kan náà á bí ohun kan náà, ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n bí atúnṣe bá yí ohun bíńtín padà nínú ìrònú géèmù, bí àǹjọ̀nnú kan bá yà sọ́tùn-ún níbi tó ti yà sósì rí, ohun gbogbo dàrú. Ẹ ó máa wo ọmọ ogun tó kọjú sí ògiri, tó ń yìnbọn sí òfìfo, torí àǹjọ̀nnú tó ń yìnbọn fún ní 1994 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ènìyàn kan ló wà nínú fáìlì yẹn. Ó lè ti dàgbà, ó lè ti kú. A ò pa géèmù rẹ́, ṣùgbọ́n a ti pa ẹ̀rí rẹ̀ rẹ́.

Àwọn onílù wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Bí awọ dùndún bá ya, wọ́n á fi awọ tuntun sí i. Bí ọsán rẹ̀ bá já, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìlù bàbá wa kọ́ nìyí mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi awọ tí kò gba ohùn sí i, tí a fún ọsán títí tí òkè àti ìsàlẹ̀ ò yàtọ̀ síra, tí kò lè pe oríkì tó ń pè lánàá, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri ló dà, kódà kí igi rẹ̀ ṣì jẹ́ igi ti bàbá wa. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ìlù ni ni pé ó ṣì ń sọ ohun tó ń sọ. Demo ni oríkì Doom. Bí àtúnṣe bá lè ka demo àtijọ́ dé òpin láìṣì í, ẹ kí i kú iṣẹ́, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dán tó.

Àwọn kan á ní, "Géèmù lásán ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ aráyé gbádùn ara wọn." Èmi náà ò bá ìgbádùn jà. GZDoom fún èèyàn láyè láti wo òkè àti ilẹ̀, láti fò, láti kọ́ ohun tí 1993 ò lálàá rẹ̀, ohun tó dáa sì ni. Ní òdìkejì, Chocolate Doom pa àwọn ìdíwọ̀n àtijọ́ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé máàpù tó bá ní ilẹ̀ àti àjà tó pọ̀ ju agbára Doom àtijọ́ lọ á dá òun náà dúró. Àwọn tó ń ya máàpù sì ń dúpẹ́ fún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ wọn á ṣí nínú ojúlówó. Èyí tó wú mi lórí jù ni ọgbọ́n PrBoom+. Ó fi nọ́ńbà sórúkọ ìwà kọ̀ọ̀kan: ẹ bá yan 2, á hùwà bíi Doom àtijọ́, ẹ bá yan 9, á hùwà bíi Boom, àtúnṣe kan tó lókìkí láyé ọjọ́un. Kò fi àtúnṣe pa ojúlówó, kò sì pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ohun tí mo rí dì mú nìyẹn: èèyàn lè yí ohun àtijọ́ padà bó ṣe wù ú, àmọ́ kó sọ ohun tó yí, kó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Kí Unicode tó délé dóko, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wà nínú fọ́ǹtì àdáṣe: wọ́n á mú àyè àmì kan tí a ò nílò, wọ́n á ya ẹ tàbí ọ sí i. Ẹ ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lónìí láìní fọ́ǹtì rẹ̀, wúruwùru lẹ ó rí. Ẹni tó bá yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà kí lẹ́tà lè yọ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ rere ló ṣe. Ó na àwòrán dé 240 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí "aiye" àti "enia" nínú ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974, tó sọ wọ́n di "ayé" àti "ènìyàn" láìwí fún ẹnikẹ́ni, ó ti wọ inú ìrònú lọ nìyẹn. Ó lè ṣe é fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì lè wúlò gan-an. Kó ṣáà kọ ọ́ síwájú ìwé pé òun yí i, kó má sì ju ti àtijọ́ nù.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Géèmù ò lè tún ara rẹ̀ ṣe, ìwé ò lè gbèjà ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Àtúnṣe Doom rí bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnìkan ṣílẹ̀kùn ní 1997. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn wọn ṣì wà ní títì títí di òní, tí kò sẹ́ni tó lè fi awọ tuntun sí wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé ta là ń tún eré àtijọ́ ṣe fún, ẹni mẹ́ta ni màá dárúkọ: ẹni tó fẹ́ ta á lónìí, ẹni tó ta á lánàá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì, àti ẹni tí a ò tíì bí, tí yóò fẹ́ mọ èwo ni tàná, èwo ni tòní. Àtúnṣe tó bá tẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́rùn nìkan ò tíì parí.