Ǹjẹ́ Gbogbo Ohun tí ó Jọra ni ó Jẹ́ Ìbátan?

Ní Òkukù, oríkì orílẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá. Ìwé tí Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú náà, tí ó jáde ní 1991, jẹ́rìí sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi ohunkóhun mọ ìbátan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé: kí ni ó mú kí nǹkan náà wà títí di òní?

Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ àwọn onímọ̀ tí ń ya igi ìran ẹ̀dá. Èrò wọn ni pé àwọn tí ó bá jọra jù ni ó pínyà kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Charles Darwin ti kọ́ wa láti 1859 pé ohun tí ó bá ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti yè ni ó máa ń gbilẹ̀ láàárín ìran rẹ̀. Nítorí náà, ìjọra méjì ni ó wà: èyí tí a jogún, àti èyí tí àǹfààní kan náà fà. Àdán ń fò bí ẹyẹ, síbẹ̀ ó ń fún ọmọ lọ́mú bí eku. Fífò kò sọ ọ́ di ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara tiwa. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yìí ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà. Ìdí nìyí tí ó fi wà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì tún wà ní apá kan ilẹ̀ Gíríìsì àti Íńdíà tí ibà ti jà rí. Àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ẹbí kan náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, nítorí ibà kò gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá fi èyí nìkan ya igi ìran, a ó fa àlejò wọ agbo ilé, a ó sì ti ìbátan síta.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Àwọn onímọ̀ a máa gbára lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì kéékèèké inú àbùdá tí kò ṣeni lóore, tí kò sì pani lára. Ohunkóhun kò ṣà wọ́n yàn. A kàn jogún wọn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìtàn ìdílé. Oríkì tí ó mú ọlá wá, ẹnikẹ́ni lè fẹ́ fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yá èèwọ̀ tí kò lérè lò? N kò sọ pé oríkì ọlá ń parọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ èrè nínú ẹjọ́ kò tó nìkan dá ẹjọ́. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ilẹ̀ bá délẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí tí kò ní èrè kankan níbẹ̀ pẹ̀lú, kí a tó sọ ẹni tí í ṣe ọmọ ilé.