A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ní oṣù Febúárì 1947, ní ìlú Párísì, Ítálì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun jọ̀wọ́ Líbíà, Ẹritríà àti Sòmálíà. A sì fi ọ̀ràn ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé àwọn Mínísítà ọ̀ràn òkèèrè ti Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Wọ́n rán ènìyàn lọ gbọ́ ohùn àwọn ará ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìjókòó fún ẹnì kan nínú wọn. Àwọn mẹ́rin náà kò rẹ́; ní 1948 ọ̀ràn di ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Líbíà gba òmìnira ní 1951. Ẹritríà ni a so mọ́ Etiópíà ní 1952. Ogun sì jà níbẹ̀ láti 1961 títí di 1991.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó ni ìdájọ́. Àwa wí pé agbára lè parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè parí ìbínú ọkàn. Ìdí nìyí tí Nikodémù fi bi àwọn Farisí ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè bí ó bá tọ́ láti dá ènìyàn lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí a tó dá àwọn alágbára lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbìmọ̀ ìjọ tiwa. Olùkọ́ tí a ṣí nípò, opó tí a dá ọ̀ràn rẹ̀: ǹjẹ́ a pè wọ́n jókòó?