Ta Ni Yóò Rọbí?

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìfètòsọ́mọbíbí níbi wáàsí, ẹsẹ Kùránì tí ọ̀pọ̀ àáfà wa máa ń kà ni èyí tó ní ká má pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí a ò tíì lóyún ẹ̀, ṣé a lè pa á ni?

Àwọn sàhábà Ànábì máa ń da àtọ̀ síta nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, a ò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Imam al-Ghazali, tó kú lọ́dún 1111, fàyè gbà á kí obìnrin má baà kú sórí ìkúnlẹ̀.

Mi ò bú àáfà o. Ìfura loògùn àgbà. Lọ́dún 1996, Pfizer dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ní Kano. Lọ́dún 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan níbẹ̀ kọ oògùn rọpárọsẹ̀, wọ́n ní yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ṣùgbọ́n tí àáfà bá fura, tó ní rárá, obìnrin tó bímọ lésìí ló máa tún rọbí lọ́dún yìí.

Nínú Súrà Bákárà, ọdún méjì gbáko ni ìyá ń fọ́mọ lọ́mú. Bí wọ́n bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú kó tó pé, àfi kí tọkọtaya jọ fikùn lukùn, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Bí ọmú bá gba àjọsọ, ẹ jọ̀ọ́, oyún ńkọ́?