Wíwá Ipò Aṣáájú nínú Ẹgbẹ́ Òṣèlú: Hádíìsì Abdur-Rahman ọmọ Samurah àti Ìṣe Àwọn Ará Johannesburg

 

Ẹ̀rí méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn máa ń gbé kojú ara wọn bí Mùsùlùmí kan bá sọ pé òun fẹ́ du ipò aṣáájú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Àkọ́kọ́ ni hádíìsì Abdur-Rahman ọmọ Samurah, tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Nínú rẹ̀ ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe tọrọ ipò àṣẹ. Bí wọ́n bá fún un nípa títọrọ, a ó fi òun àti ipò náà sílẹ̀ fún ara wọn. Bí ó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ láìtọrọ, a ó ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Èkejì ni ìtàn Ànábì Yusuf nínú Súrà kejìlá, ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọba Íjíbítì pé kí ó fi òun ṣe alábòójútó ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò fẹ́ràn òṣèlú yóò di ẹ̀rí àkọ́kọ́ mú; ẹni tí ó ti ra fọ́ọ̀mù yóò di ti Yusuf mú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n yára jù.

Àwọn onímọ̀ ìgbàanì kò yára bẹ́ẹ̀. Al-Mawardi, tí ó kú ní ọdún 450 Híjírà (1058), kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ìṣèjọba pé àwọn kan ka ìdíje lórí ipò olórí sí àbùkù, ṣùgbọ́n pé ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí Umar yàn sí ìgbìmọ̀ ṣúrà náà díje lórí rẹ̀. Al-Qurtubi, tí ó kú ní ọdún 671 (1273), ṣàlàyé pé Yusuf tọrọ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò ṣe déédé. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, títọrọ di dandan lórí ẹni náà. Ohun kan sì wà tí àwọn oníwàásù kì í sábà mẹ́nu bà: Abdur-Rahman ọmọ Samurah fúnra rẹ̀ di gómìnà lẹ́yìn náà ní Sijistan, ní ìhà ibi tí Iran àti Afghanistan wà lónìí. Ẹni tí a ní kí ó má tọrọ ipò, a kò ní kí ó má jẹ ẹ́.

Níbo wá ni ààlà wà láàárín ẹni tí ó tọrọ àti ẹni tí a pè? Ìṣe àwọn ènìyàn ló máa ń fi èyí hàn ju ìwé lọ, ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà sì jẹ́ ibi tí a ti lè wò ó dáadáa. Ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ ANC wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tí yóò jẹ alága ìpínlẹ̀ kì í lọ ra fọ́ọ̀mù. Àwọn ẹ̀ka ní àdúgbò ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́, àwọn aṣojú ni wọ́n sì ń dìbò ní àpérò. Ìtìjú ni nínú àṣà wọn àtijọ́ kí ènìyàn máa polówó ara rẹ̀. Ní 2001 wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé ìjíròrò kan lórí irú ẹni tí ó yẹ kí wọ́n yàn, wọ́n sì fi ojú abẹ́rẹ́ ṣe àkọlé rẹ̀. (Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ àkọlé náà yóò rántí ràkúnmí inú Súrà keje.) Bí a bá fi èyí wé Nàìjíríà, níbi tí ẹgbẹ́ APC ti ta fọ́ọ̀mù ìdíje sípò ààrẹ ní 100 mílíọ̀nù náírà ní 2022, tí gbólóhùn “èmi ló kàn” sì gba ẹnu gbogbo ayé ní ọdún kan náà, yóò dà bí ẹni pé àwọn ará Johannesburg ti gba hádíìsì náà láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ òde ni. Kí àwọn ẹ̀ka tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ti rìn káàkiri, orúkọ ti wà lórí àkọsílẹ̀, owó sì ti jáde. Nígbà tí Cyril Ramaphosa fi ìbò 2,440 borí Nkosazana Dlamini-Zuma tí ó ní 2,261 ní Nasrec, ní Johannesburg, ní oṣù Kejìlá 2017, owó tí wọ́n ná lórí ìpolongo náà di ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tí ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà dá a láre ní oṣù Keje 2021. Síbẹ̀, òfin tí ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ máa kéde ẹni tí ó fún wọn lówó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, kò kan ìdíje inú ilé ẹgbẹ́. Ẹnu lè dákẹ́ kí owó máa tọrọ. Láti fi ẹnu sọ pé “wọ́n pè mí ni” kò tó láti yọ ènìyàn kúrò nínú ìkìlọ̀ Ànábì.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mọ̀ ọ́n: kí a wo bí ènìyàn ṣe ń fi ipò sílẹ̀. Ahmed Kathrada ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Johannesburg. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí ni, wọ́n bí i ní 1929. Wọ́n mú un ní oko Liliesleaf ní Rivonia ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1963. Ó lo ọdún 26 lẹ́wọ̀n, 18 nínú rẹ̀ ní erékùṣù Robben. Ní 1991 wọ́n yàn án sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ ANC. Ní 1994 wọ́n fẹ́ fi í ṣe mínísítà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdúnàádúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Inkatha mú kí ipò náà lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ní 1997 ó kọ̀ kí wọ́n tún dárúkọ òun fún ìgbìmọ̀ náà, ní 1999 ó sì kúrò ní ilé aṣòfin. Kò sí àáfà tí yóò sọ pé ẹni yìí jẹ́ wòlíì. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni ó bá dàgbà nínú òṣèlú, bí ó tilẹ̀ lọ sí Hájì ní 1992. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Jacob Zuma ní 2016 pé kí ó fi ipò sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn pé ipò ni òun náà ń wá. Ó ti ní in rí, ó sì ti gbé e sílẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí hádíìsì náà sọ lè rí báyìí: kí ọ̀rọ̀ ẹni ní ìwọ̀n lẹ́yìn tí àga ti kúrò lábẹ́ ẹni.

Apá kejì hádíìsì náà, pé a ó fi ènìyàn àti ipò sílẹ̀ fún ara wọn, ní àlàyé tirẹ̀ nínú ìlú yìí kan náà. Ẹgbẹ́ Al Jama-ah, tí Ganief Hendricks dá sílẹ̀ ní 2007 lórí ìlànà Ìsìláàmù, ní ìjókòó 3 péré nínú 270 ní ìgbìmọ̀ ìlú Johannesburg lẹ́yìn ìbò 2021. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2023, Thapelo Amad láti inú ẹgbẹ́ náà di méyọ̀ pẹ̀lú ìbò 138. Ìbò ANC àti EFF ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí dùn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀, nígbà tí ìbò àìnígbẹ́kẹ̀lé ń bọ̀ lórí rẹ̀. Kabelo Gwamanda, ẹgbẹ́ kan náà, gbà á ní oṣù Karùn-ún; òun náà fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2024, ANC sì gba àga náà. Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì kò hàn sí ẹ̀dá, kò sì tọ́ kí a dá wọn lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìbò 3, tí ó jókòó lórí ìbò ẹlòmíràn, a ti fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní ìbò náà. Agbára Yusuf kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé Yusuf gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra gan-an, ó sì mọ iṣẹ́ tí yóò fi ṣe.

Nítorí náà, ó tọ́ fún Mùsùlùmí tí ó mọ iṣẹ́, tí ó rí àléébù tí ẹlòmíràn kò lè dí, láti gbà kí ẹ̀ka rẹ̀ dárúkọ òun. Kí ó lè sọ ní gbangba ẹni tí ó san owó ìpolongo rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó lè padà sílé láìsí ìjà bí ìbò kò bá gbè é.

Ọ̀pọ̀ ìwàásù ń parí síbí, bí ẹni pé olùdíje nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n hádíìsì Abu Musa al-Ash'ari wà nínú àwọn ìwé sàhíìhì méjèèjì náà: àwọn ìbátan rẹ̀ méjì wá sọ́dọ̀ Ànábì láti tọrọ ipò, ó sì dáhùn pé àwọn kì í fi iṣẹ́ yìí fún ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe ojúkòkòrò rẹ̀. Ìdáhùn yẹn jẹ́ ti ẹni tí ń yan ènìyàn sípò. Lónìí, àwọn aṣojú ẹ̀ka ni wọ́n dúró ní ipò yẹn. Nígbà tí ANC ìpínlẹ̀ Gauteng yan alága ní 2022, Panyaza Lesufi ní ìbò 575, Lebogang Maile ní 543. Ènìyàn 32 ni ó wà láàárín wọn. Mùsùlùmí tí ó bá wà nínú irú àwọn aṣojú bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí níwájú Ọlọ́hun nígbà tí ó bá ń tẹ̀ka. Orúkọ Mùsùlùmí tí ó wà lórí ìwé ìdìbò kò sọ ọ́ di dandan fún un láti dìbò fún ẹni náà, bí ó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó lágbára jù tí ó sì ṣeé fọkàn tán jù lórí iṣẹ́ náà.